Kì í Ṣe Afẹ́fẹ́ Ló Kàn Bàbá Rẹ

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Àdúgbò Àwọn Ahunṣọ Sílíìkì,
                                        Marg'ilon, Farg'ona,
                                        Usibẹkisítánì.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹsàn-án, Ọdún 2019.

Zulhumor mi ọ̀wọ́n, ọ̀rẹ́ tí ó ti di ìyekan,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ kú àtijọ́. Báwo ni ara rẹ ní Busan lọ́hùn-ún? Ṣé ò ń rí oorun sùn, ṣé inú rẹ sì ti gba oúnjẹ inú òkun tí o kọ̀wé nípa rẹ̀? Àwọn ọmọbìnrin tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan náà ńkọ́? Mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí sú ọ, kí ó sì jẹ́ kí o padà wá fi ohun tí o kọ́ tún iṣẹ́ aṣọ híhun ìlú wa ṣe.

Níhìn-ín, ọpẹ́ ni. Ara ìyá mi le, ó sì ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì ń wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó nípọn. Àbúrò mi ti bímọ, ọmọbìnrin ni. Ẹ̀rín rẹ̀ jọ tìrẹ débi pé orúkọ rẹ ni mo fi ń pè é nígbà tí ìyá rẹ̀ kò bá gbọ́. Igi àjàrà àgbàlá yín so lọ́dún yìí ju bí mo ti rí i rí lọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ lẹ́tà yìí.

Mo mọ̀ pé ohun kan ń dùn ọ́ lọ́kàn. Nígbà tí o rí bàbá rẹ lójú fóònù ní oṣù kẹfà, tí o béèrè ìdí tí ètè rẹ̀ fi wọ́, ìyá rẹ dá ọ lóhùn pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló kàn án nídìí ààrò. Ìdánwò rẹ ló rò. Kò fẹ́ kí o wà lókè òkun kí o máa sunkún níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè nu ojú rẹ nù. Ìdánwò náà ti parí báyìí, mo sì ti lọ bá Bàbá fúnra rẹ̀ pé mo fẹ́ kọ òtítọ́ sí ọ. Ó ní: “Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí o bá kọ ibi tí mo ti ṣubú, rí i pé o kọ ibi tí mo ti dìde. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi ka ìdajì.”

Nítorí náà, fi ọkàn balẹ̀ kí o tó tẹ̀síwájú. Bàbá rẹ wà láàyè, ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń bú mi lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló kàn án. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni, a sì borí rẹ̀.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìrúwé. Lẹ́yìn tí mo gba oyè dókítà tí wọ́n sì gbé mi wá sí ilé ìwòsàn àdúgbò wa, ohun tí mo rí bà mí nínú jẹ́. Àwọn ọkùnrin wa ń kú láì tíì dàgbà tán. Ọkàn ẹlòmíràn a dáwọ́ dúró lórí ẹní oúnjẹ. Ẹlòmíràn a jí láàárọ̀ kí apá kan ara rẹ̀ má jí. A ó sìnkú wọn, a ó pè é ní kádàrá, a ó sì se ìrẹsì. Wọn kì í wá sọ́dọ̀ wa nígbà tí ara bá le. Mo rò ó pé bí wọn kò bá wá, ó yẹ kí èmi lọ.

Báyìí ni mo ṣe gbé àpò mi lọ sí ilé tíì Mamasidiq ní Ọjọ́bọ̀ kan, níbi tí bàbá rẹ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń pàdé láti se osh, ìrẹsì ọlọ́ràá wa. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo kí wọn, mo sọ ohun tí mo bá wá, mo sì yọ téèpù jáde láti wọn ikùn wọn.

Mamasidiq ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní: “Dókítà, ẹ rọra o. Òkú ni wọ́n máa ń wọ̀n ládùúgbò yìí, kí wọ́n lè gé aṣọ rẹ̀. Èmi ò tíì kú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da tíì sínú ife ni.”

Bàbá rẹ fi ọwọ́ gbá ikùn rẹ̀. “Ẹ jẹ́ ó wọn tèmi. Aṣọ tó máa ká ikùn yìí, wọn ò tíì hun ún ní Marg'ilon.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dìde, bàbá rẹ pàápàá kò dìde. Mo ká téèpù náà padà sínú àpò. Mo ní kí oníkálùkù tú aṣọ ìgbànú rẹ̀, kí ó so ó gba orí ìdodo, kí ó má ṣe so ó sí abẹ́ ikùn níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ di àṣà. Kí ó fi ìka di ibi tí aṣọ náà ká a dé, kí ó tú u, kí ó sì tẹ́ ẹ fún mi lórí tábìlì. Aṣọ ni màá wọ̀n, n kò ní wọn ènìyàn. Zulhumor, ìran ahunṣọ ni wá. Ta ni yóò kọ̀ kí a wọn aṣọ? Láìpẹ́, wọ́n ti ń jà lórí ta ni tirẹ̀ gùn jù, bí ẹni pé àgbò ni ẹ̀bùn rẹ̀. Bàbá rẹ ló gba ipò kìíní. Ó gbé aṣọ náà sókè, ó ń kígbe pé: “Ta ló tún kù?”

Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn pé ìjàǹbá ni ẹ̀bùn náà. Mo ní ọ̀rá tó kó jọ sí ikùn kì í dá rìn. Ó máa ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru, ó máa ń pe ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń mú kí ọ̀rá burúkú pọ̀ nínú iṣan kí ọ̀rá rere sì dín kù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè má dun ènìyàn rárá. Ṣùgbọ́n bí mẹ́ta nínú wọn bá pàdé lára ẹnì kan, wọ́n ti di ẹgbẹ́ ọ̀daràn nìyẹn, ọkàn àti ọpọlọ sì ni wọ́n ń ṣọ́. Nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo ẹgbẹ́ ọ̀daràn náà ló pé sí ara bàbá rẹ. Kò sí ọ̀kan tó ṣẹ́kù.

Mo fún un ní oògùn, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dín ọ̀rá ìrù àgùntàn kù. Ó ní: “Ọmọ mi, kí ni o rò pé tíì aláwọ̀ ewé wà fún? Òun ló ń fọ ọ̀rá kúrò nínú.” Mo ní tíì ń fọ ọ̀rá kúrò ní ètè nìkan. Ó ní: “Ó dáa. Alásè osh tó bá tín-ín-rín, ta ló máa jẹ ìrẹsì rẹ̀? Wọ́n á ní òun gan-an ò lè jẹ ẹ́. Ikùn yìí ni pátákó ìta mi!” Ó lo oògùn náà díẹ̀, nígbà tí orí kò fọ́ ọ mọ́, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní ara òun ti yá.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. N kò fẹ́ kí o padà wá bá àga rẹ̀ láìsí i. Nígbà tí n kò lè dá àrùn náà dúró, mo pinnu pé bí ó bá dé, kò gbọdọ̀ bá wa ní àìmọ̀. Mo padà sí ilé tíì, mo bi àwọn ọkùnrin náà pé: bí ẹnu ọ̀kan nínú yín bá wọ́ lójijì, kí ni ẹ máa ṣe? Gbogbo wọn dáhùn bí ọmọ iléèwé: afẹ́fẹ́ ló kàn án. A ó ti fèrèsé, a ó fi aṣọ irun àgùntàn wé e lórí, a ó yan iyọ̀, a ó dì í sínú aṣọ, a ó fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, a ó sì dúró. Mo ní ìdúró yẹn ló ń pa wá. Lóòótọ́, iṣan ojú nìkan lè rọ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè fi ojú lásán mọ̀yàtọ̀ rẹ̀ nílé? Bí ẹnu bá wọ́, bí apá kan bá já wálẹ̀, bí ọ̀rọ̀ kò bá já geere mọ́, ilé ìwòsàn ni kíá, kí ó má jẹ, kí ó má mu. Oògùn wà tó lè tú ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ọpọlọ ká, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí díẹ̀ péré ni. Mo wá dárúkọ Bàbá Ergash, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, tí a sọ pé afẹ́fẹ́ odò pa.

Bàbá rẹ dìde. “Ìwọ ọmọdé yìí, wọn ò tíì bí ọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú. Má fi òkú mi kọ́ṣẹ́.” Ó jáde lọ sídìí ìkòkò rẹ̀.

Mamasidiq fẹ́ tù mí nínú. Ó ní: “Tí kì í bá ṣe afẹ́fẹ́, Dókítà, kí ni ká máa pè é?” Mo pe orúkọ àrùn náà ní kíkún gẹ́gẹ́ bí àwọn olùkọ́ wa ṣe pè é. Ó ní: “Háà! Kí n tó pe èyí tán, onítọ̀hún á ti kú, a á ti jẹ ìrẹsì ọjọ́ keje ẹ̀.” Mo ní kí wọ́n ṣáà di gbólóhùn kan mú: kì í ṣe afẹ́fẹ́.

Wọ́n dì í mú lóòótọ́, àmọ́ wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bí ẹnì kan bá yán, wọ́n á ké pé, “Kì í ṣe afẹ́fẹ́!” Bí ẹran bá há sí eyín ẹlòmíràn tí ó ń yí ẹnu, “Kì í ṣe afẹ́fẹ́!” Àwọn oníbúrẹ́dì ń fi kí mi lójú ọ̀nà. Mo fara dà á.

Ní oṣù kẹfà, ahunṣọ kan lẹ́yìn ilé yín ń gbé ìyàwó fún ọmọ rẹ̀, bàbá rẹ ló sì se osh òwúrọ̀. Àwọn ọkùnrin ti ń ti mọ́ṣáláṣí wọlé, ó ti ṣí ìkòkò, ó ń bu ìrẹsì sáwo. Ṣíbí irin náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ọwọ́ ọ̀tún kò gbà fún un. Ó sọ nǹkan kan tí kò yé ẹnikẹ́ni. Apá ọ̀tún ojú rẹ̀ ti já wálẹ̀.

Abduvohid, àbúrò ìyá rẹ, ló rí i. Ó ké tòò: “Ẹ gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì wá! Afẹ́fẹ́ ti kàn án!”

Mamasidiq wà lápá kejì àgbàlá pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́ méjèèjì. Kò tilẹ̀ yíjú. Àwàdà ti mọ́ ọn lẹ́nu; ó kàn dáhùn pé, “Kì í ṣe afẹ́fẹ́!”

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n ti ń wo ojú bàbá rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín náà ń kú. Mamasidiq gbé kẹ́tùlù sílẹ̀. Ó tún un sọ, jẹ́jẹ́ báyìí: “Kì í ṣe afẹ́fẹ́ o. Abduvohid, ju bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀. Ọkọ̀ ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?”

“Ẹ jẹ́ ká fún un ní tíì gbígbóná ná!” ni Abduvohid wí.

“Tíì kẹ̀? Ṣé o fẹ́ kó há a lọ́nà ọ̀fun ni? Dókítà ní kò gbọdọ̀ mu nǹkan kan.”

“Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ìwọ kọ́ lo máa kọ́ mi!”

“Tó bá jẹ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ lóòótọ́, gbé ẹsẹ̀ ẹ̀!”

Ó gbé e. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ilé wa, mo sáré jáde pẹ̀lú irun mi láìdì, mo sì di orí bàbá rẹ mú lórí itan mi títí a fi dé ilé ìwòsàn pàjáwìrì. Mo ti pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n ti ń dúró. Dókítà tó gbà á béèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè yìí ni àwọn ará ilé aláìsàn kì í sábà lè dáhùn, nítorí pé wọ́n ti fi òru tàbí ọ̀sán kan yan iyọ̀. Mamasidiq, tí òógùn bò, dáhùn kíá: “Ìrẹsì tó bù sáwo ò tíì tutù.”

Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n sì fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì. A jókòó sí ìta pẹ̀lú ìyá rẹ. Kí ìrun ọ̀sán tó pé, wọ́n pè wá wọlé. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń mira díẹ̀. Ó wò wá, ó fi agbára kó ètè rẹ̀ jọ bí ẹni tó ń gbé ẹrù, ó sì béèrè pé: “Ta ló... bu ìrẹsì yẹn... tán?”

Abduvohid bú sẹ́kún. Ó ní wọ́n ti jẹ ẹ́ tán, kódà wọ́n ha ìkòkò.

“Wọ́n ṣáà... gbádùn ẹ̀,” ni bàbá rẹ wí.

Èyí ni ìṣubú náà. Gbọ́ ìdìde. Ẹnu rẹ̀ padà kí oṣù kẹfà tó parí, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí o rí lójú fóònù. Ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ọ̀tún ló ṣe agídí jù. Ó ń fi ìka ṣa ẹ̀wà kéékèèké láti inú àwo kan sí èkejì, ó ń bú ẹ̀wà náà, ó ń bú mi, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró. Ó ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀ lójú ìyá rẹ, ó sì ti mọ̀ pé títí ayé ni. Ikùn rẹ̀ ti fà sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti rọlẹ̀, ṣúgà ti sún kúrò níbi tó ń bà mí lẹ́rù. N kò sọ pé ewu tán. Ẹni tó ti rí i rí gbọ́dọ̀ máa ṣọ́nà ju ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n ó ń ṣọ́nà.

Jọ̀wọ́, má bínú sí ìyá rẹ. Àwọn obìnrin wa ń fi aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ bo àìsàn tiwọn náà mọ́lẹ̀ ni. Nígbà tí mo yẹ òun náà wò, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ti wà níbẹ̀, ó sì sọ fún mi pé òun ò ráyè àìsàn ní ti òun. Báyìí, àwọn méjèèjì jọ ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà láàárọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, àdúgbò kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn aládùúgbò ń bi wọ́n pé ìgbà wo ni ìgbéyàwó. Ìyá rẹ a fi ìborùn bojú, a sì rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kẹjọ, bàbá rẹ tún se osh òwúrọ̀. Ọ̀rá ìrù tó lò kò tó nǹkan, kárọ́ọ̀tì ló pọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀fọ́ tútù síwájú àwọn àlejò. Kí ó tó ṣí ìkòkò, ó bọ́ síwájú gbogbo ọkùnrin tó kún àgbàlá. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú àwọn obìnrin, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi Ergash, a wé e lórí, a ti fèrèsé, a jókòó tì í ní gbogbo òru, a rò pé à ń ṣe é lóore. Afẹ́fẹ́ kọ́ ló pa á. A ò mọ̀ ni. Èmi ti mọ̀ báyìí. Láti òní lọ, ẹni tó bá pe àrùn yìí ní afẹ́fẹ́ nídìí ìkòkò mi, kò ní jẹ nínú ẹ̀. Ẹni tí kò bá sì tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ wò, ilé ìwòsàn wà lọ́hùn-ún. Ọmọ tó wà níbẹ̀ kì í jẹni.”

Wọ́n wá, Zulhumor! Wọ́n tò lọ títí dé ẹnu ọ̀nà ìta, pẹ̀lú ìyàwó wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé ahunṣọ obìnrin kan dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú okùn sílíìkì lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé àwọn tí wọ́n jọ ń hun aṣọ kò dúró láti yan iyọ̀. Ó ti padà sílé. Mo kọ èyí sí ọ lórúkọ gbogbo wọn: a kì í ṣe ìran tí a dá pé kí ó máa kú lórí ẹní oúnjẹ. A lè kọ́ ohun tuntun, a sì ti kọ́ ọ.

Bá mi kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ níbẹ̀. Mamasidiq kí ọ. Ó ní òun náà ti di dókítà, oyè ló kù. Abduvohid kí ọ. Ìyá rẹ fi ẹnu ko ojú rẹ méjèèjì. Bàbá rẹ ní kí n fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá ti buwọ́ lùwé, kí n sì yíjú síbòmíràn nígbà tí òun bá ń kọ ọ́.

Èmi ni, tìrẹ láti kékeré títí di ọjọ́ alẹ́,

Mohichehra.

Zulhumor, ọmọ mi. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi kọ èyí. Ó wọ́ díẹ̀, àmọ́ o ṣáà lè kà á. Má sunkún. Ẹ̀fọ́ ni ìyá rẹ fẹ́ fi pa mí báyìí. Kàwé rẹ dáadáa. Mo wà ńbí.

Bàbá rẹ, Tojivoy.